Ṣé ara páànù ni wọ́n ń kan sólà mọ́ ni, àbí ara igi?

Àdùnní_Apátá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Apátá ni ilé wa wà, n'Ìbàdàn. Ilé ilẹ̀ ni, páànù longspan alumíníọ̀mù 0.55 mm ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ iná Band A (ti àwọn tó ń rí iná jù) di ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ọkọ mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ sólà, owó sì ti délẹ̀ wàyí. Ẹni tó fẹ́ bá wa ṣe é wá wo ilé lánàá. Pánẹ́ẹ̀lì 8 ló ní a máa nílò, 550W ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìnfátà 5kVA àti bátìrì lithium.

Ìyẹn ò dà mí láàmú. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọkùnrin yẹn kò gun àkàbà rárá. Ó dúró sí àgbàlá, ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ̀mí, ọjọ́ kan la máa parí ẹ̀." Mo bi í pé kí ló máa di pánẹ́ẹ̀lì mú, ó ní òun á fi sùkúrù kan réèlì, irin gígùn tó ń gbé pánẹ́ẹ̀lì, mọ́ páànù, òun á wá fi sílíkóònù dí ojú ihò. Bẹ́ẹ̀, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ṣí pánẹ́ẹ̀lì kúrò lórí ilé kan ládùúgbò wa, ó sì gbé e lọ sọ sórí mọ́tò onímọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Àǹtí Àdùnní, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ kan nǹkan mọ́ òrùlé láìwo inú àjà, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Páànù yín yẹn nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ díẹ̀ ni. Eyín sùkúrù kan, bóyá kan àbọ̀, ló máa rí nǹkan gbá mú nínú rẹ̀. Igi tó wà lábẹ́ páànù ló ń gbé sólà. Iṣẹ́ ti páànù ni kó dènà òjò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì 550W kan wúwo tó bí 28 kg, ó gùn ní mítà 2.28, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.13. Mẹ́jọ jẹ́ 224 kg. Tí ẹ bá fi réèlì àtàwọn irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kún un, ó ń lọ sí 250. Ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn tàn káàkiri: kò ju nǹkan bí 12 kg lọ lórí mítà kan níbùú-lóròó. Òrùlé tí igi rẹ̀ bá le kò ní mira fún ìyẹn.

Ẹ̀fúùfù lọ̀tá. Ìjì tó bá ń sáré 108 kìlómítà ní wákàtí kan máa ń ti nǹkan pẹ̀lú agbára bí 55 kg lórí mítà kan níbùú-lóròó. Tó bá ráyè wọ abẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kan, tó sì kó gbogbo agbára rẹ̀ síbẹ̀, yóò fà á sókè bí ẹni fi 140 kg fà á. 28 kg ni pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní láti fi dúró. Èyí tó ṣẹ́kù, bóòtù àti igi ni kó gbé e. Nítorí náà tí wọ́n bá ti ń sọ fún yín pé "ó wúwo, kò lè lọ síbì kankan," ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì ṣírò ẹ̀.

Ṣọ́_Owó_Ẹ
Ẹ̀yin ẹ ti ń dẹ́rù ba obìnrin yìí jù. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Sùkúrù páànù ni wọ́n fi kan tèmi, ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí, kò mì. Gbogbo ọ̀rọ̀ bóòtù tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, owó ni wọ́n á fi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn. Ìbéèrè kan ni mo ní: báwo ni sùkúrù yẹn ṣe gùn tó? Àti pé ṣé ilé yín dá dúró ni àbí àwọn ilé alájà ló yí i ká?

Ṣọ́_Owó_Ẹ
Ilé alájà wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Màá bèèrè gígùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Káfíńtà_Ṣakí
Ẹ kú àpérò o. Èmi kì í ṣe onísólà, òrùlé ni iṣẹ́ mi, iṣẹ́ bàbá mi náà ni. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọn kì í fẹ́ gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá wọ inú àjà, igi méjì lẹ máa rí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ráfítà ni èyí tó ti ara ògiri gòkè lọ sí téńté òrùlé. 2 by 4 ló sábà máa ń jẹ́, ó sì lè tóbi jù bẹ́ẹ̀. Pọ́líìnì ni àwọn tó dùbúlẹ̀ lórí ráfítà, tí wọ́n ń kan páànù mọ́. 2 by 2 tàbí 2 by 3 nìyẹn. Tí ilé bá ti tó ogún ọdún, ẹ mú sùkúrù-dáráfà olójú pẹlẹbẹ dání. Ẹ fi tẹ igi níbi tó sún mọ́ ògiri àti níbi tí páànù ti ń jò rí. Igi tó ṣì yè, á kọ̀ fún un. Èyí tí ikán ti jẹ tàbí tó ti rà, irin yẹn á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ikán a máa fi ara igi sílẹ̀ ní dídán, kó jẹ inú tán, torí náà ẹ má fojú lásán wò ó. Ẹ kàn án gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n pẹ̀lú, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ohun kejì ni ìṣó. Ìṣó lásán ni ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń de pọ́líìnì mọ́ ráfítà, òun náà ni wọ́n fi ń de ráfítà mọ́ wọ́ọ̀pílétì, igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri. Ìṣó tí wọ́n gbá lóòró máa ń yọ tí wọ́n bá ń fà á lóòró. Ẹ lè lo bóòtù tó dára jù láyé láti de réèlì mọ́ pọ́líìnì o, tó bá jẹ́ ìṣó méjì ló de pọ́líìnì yẹn mọ́ ráfítà, ìjì á kó pánẹ́ẹ̀lì, á kó pọ́líìnì, á kó páànù, gbogbo ẹ̀ á jọ fò. Mo ti rí i. Torí náà, níbi tí sólà máa wà, ẹ ní kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sọ pọ́líìnì mọ́ ráfítà, kí wọ́n sì wò ó bóyá bíríkìlà fi irin rọ́ọ̀dù sílẹ̀ nínú kọnkéré orí ògiri tó di wọ́ọ̀pílétì mú. Ilé tí kò bá ní ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Àdùnní_Apátá
Ha. Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá. Ilé yìí ti lé lógún ọdún dáadáa. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Mi ò tiẹ̀ rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni wọ inú àjà yẹn kẹ́yìn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde
Ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń bá mi ṣe tèmi ní òun máa fi irin ańgù gbé pánẹ́ẹ̀lì dìde lórí òrùlé, kó lè kọjú sí gúúsù dáadáa, kó sì ṣe gẹ̀rẹ́, kó dagun tó 30°. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Àbúrò, ó gbọ́ ọ níbì kan ni, kì í ṣe ilẹ̀ wa ni wọ́n ṣe ìṣirò yẹn fún. Níbi tí a wà, ní nǹkan bí 7° sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, òrùn ọ̀sán fẹ́ẹ̀rẹ́ẹ̀ wà lórí wa gan-an lọ́dọọdún. Kódà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ló máa ń wà lọ́sàn-án. Ẹni tó gbé pánẹ́ẹ̀lì dagun sí gúúsù ní 30° á ti kẹ̀yìn sí òrùn ní gbogbo oṣù yẹn. Ìdagun 10° sí 15° tó, kí òjò lè máa fọ erùpẹ̀ ọyẹ́ kúrò. Bí òrùlé rẹ bá ti dagun 15° tàbí 20° fúnra rẹ̀, tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì lé e bó ṣe wà. Bó bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, ohun tó máa dín kù nínú iná rẹ kò tó nǹkan, àlàfo yẹn kò tó pánẹ́ẹ̀lì kan.

Pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé dìde lórí òrùlé á sì tún di ìgbòkun. Ẹ̀fúùfù á máa wọ ẹ̀yìn rẹ̀ fàlàlà. Ẹsẹ̀ gíga yẹn pẹ̀lú á máa hú igi bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀pá hú òkúta. Orí dẹ́ẹ̀kì kọnkéré ni irú ìyẹn ti dáa, níbi tí èèyàn ti lè fi kọnkéré wúwo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde
Ó ti yé mi. Irin ańgù yẹn ló tiẹ̀ fẹ́ gba owó jù nínú ìwé tó kọ wá.

Àdùnní_Apátá
Ọ̀gá Òòrùn, ẹ bá mi ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe máa kàn án gan-an, kí n lè mọ ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo bá gbé e fún.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Ó dáa. Ti orí longspan ni màá sọ.

Àkọ́kọ́, a máa wọ inú àjà, a máa wọn ibi tí igi wà, a máa fi ẹfun sàmì sí i lórí páànù. Ìlà ìṣó tó wà lórí páànù pàápàá á sọ ibi tí pọ́líìnì gbà. Ẹni tó bá ń fi dírììlì wá igi kiri, ihò tó máa lu sófo á pọ̀ ju èyí tó máa lò lọ, gbogbo ẹ̀ ló sì máa jò.

Bóòtù tí mo ń lò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eyín sùkúrù igi, òkè rẹ̀ jẹ́ eyín nọ́ọ̀tì. Hanger bolt lorúkọ rẹ̀ lọ́jà. Ẹ béèrè ti stainless, M10 (ó nípọn ní mìlímítà mẹ́wàá), tó gùn tó 200 mm. Rọ́bà dúdú kan wà láàárín rẹ̀ tó ń jókòó lé páànù. Ẹ kọ́kọ́ fi bíìtì 7 mm lu igi kó tó di pé ẹ yí bóòtù wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi líle á là. Orí ibi tí páànù ti yọ sókè lẹ máa lu, ẹ má lu kòtò tí omi ń gbà kọjá. Ibi tó ga, omi kì í dúró síbẹ̀. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rọ́bà títí rọ́bà á fi tẹ̀ díẹ̀ tó sì ràn mọ́ páànù. Tẹ́ ẹ bá fún un jù, páànù á tẹ̀ wọnú, á di abọ́ omi.

Sílíkóònù nìkan kò tó. Oòrùn wa yìí á gbẹ ẹ́, á là, á ṣí ní etí. Ọdún kejì ni ẹ máa mọ̀, nígbà tí sílìn pálọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pupa. Rọ́bà ló ń dènà omi, ìyókù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹsẹ̀ onírìísí L, tí réèlì alumíníọ̀mù máa jókòó lé. Kí ẹsẹ̀ kan má jìnnà sí èkejì ju mítà kan sí mítà 1.2 lọ, kí orí réèlì má sì yọ síta jù lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ má to gbogbo ẹsẹ̀ sórí pọ́líìnì kan ṣoṣo, ẹ pín in. Lórí réèlì ni kíláǹpù ti máa di pánẹ́ẹ̀lì mú, àwọn ti àárín àti àwọn ti ìparí. Ibi tí kíláǹpù gbọ́dọ̀ wà lára férémù, ìwé tó bá pánẹ́ẹ̀lì wá nínú páálí ló sọ ọ́. Ó sábà máa ń súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ láti orí kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn kan náà á sọ bí wọ́n ṣe máa fún bóòtù le tó. Wọ́n ní súpánà tó ń wọn ìyẹn, ẹ wo ọwọ́ wọn bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára fún kíláǹpù, gíláàsì ló máa fọ́.

Ẹ fi àyè 10 sí 15 cm sílẹ̀ láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti páànù. Pánẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé 60 tàbí 65°C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní 25°C ni wọ́n wọn 550W tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n kan tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba bíi 0.35% nínú iná rẹ̀. Ẹ ṣe é, ẹ máa rí i pé nǹkan bí 13% ni ooru ń jẹ. Atẹ́gùn tó bá ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀ á dín in kù. Ẹ má sì gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìgbòkun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jìnnà sí etí òrùlé ní 30 cm ó kéré tán, àti sí téńté pẹ̀lú: etí àti igun ni ìjì ti ń fà jù.

Ìyá_Ṣadé_Iléṣà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé tèmi, páànù asbestos ni, ti ayé àtijọ́. Ọmọ tó fẹ́ ṣe é ní kò séwu, pé á kàn rọra lu ú ni.

Káfíńtà_Ṣakí
Ìyá, ẹ kú àgbà. Ẹ má jẹ́ kó lu ú. Nǹkan méjì ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Páànù yẹn kì í tẹ̀, ó ń ṣẹ́ ni. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé àárín rẹ̀, inú yàrá ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, eruku rẹ̀. Tí dírììlì bá ti lù ú, okùn tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí á fò jáde, ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń wọ̀ sí, wọn kì í jáde mọ́, àìsàn rẹ̀ sì lè gbà tó ogún, ọgbọ̀n ọdún kó tó fara hàn.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Bí bàbá ti wí gẹ́lẹ́ ni, mà. Tí àyè bá wà nínú ọgbà yín, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá yín fi páìpù galvanised ṣe ìdúró rẹ̀ sílẹ̀, bí ibùdókọ̀, kí wọ́n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú kọnkéré. Ẹ lè gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jó irin pọ̀, kí wọ́n kun ún pẹ̀lú ọ̀dà síńkì, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ṣadé_Iléṣà
Àyè wà lẹ́yìn ilé, níbi tí a ń gbin ewédú sí. Olúwa á bù kún yín.

Bọ̀dá_Luton
Ẹ kú ilé o. Níbí, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òrùlé tó pọ̀ jù jẹ́ tálì amọ̀ tàbí ti kọnkéré. Wọ́n máa ń ṣí tálì díẹ̀, wọ́n á fi ìkọ́ irin de ara ráfítà gan-an, wọ́n á sì dá tálì padà lé e. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí wọ́n ṣe tèmi ni pé ẹnikẹ́ni ò gun òrùlé títí wọ́n fi to súkáfúù, pẹpẹ irin tí òṣìṣẹ́ ń dúró lé, yí ilé ká. Òfin iṣẹ́ lórí ibi gíga tó wà nílẹ̀ níbí láti ọdún 2005 kò fẹ́ kí èèyàn rìn lórí òrùlé láìsí ohun tó máa gbà á tó bá yọ̀. Kí pánẹ́ẹ̀lì má sì yọ síta ju 200 mm lọ láti ara òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni náà á lọ gba àyè lọ́dọ̀ kánsù.

Mo mọ̀ pé owó súkáfúù ò sí nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, mo rí àwọn ọmọ kan lórí ilé alájà kan pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì lórí, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ara mi bù máṣọ. Ẹ gba àwọn ọmọ yẹn rò.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Bọ̀dá, ẹ wí i dáadáa. Okùn àbò ò wọ́n tó súkáfúù. Àwa máa ń ju okùn kọjá téńté òrùlé, a ó so ó mọ́ òpó kọnkéré tàbí ìdí igi ńlá lápá kejì, kì í ṣe mọ́ ìdí mọ́tò o! Ẹni tó bá wà lókè á so ó mọ́ bẹ́líìtì tó kọ́ èjìká àti itan. Àkàbà: tí ibi tó fẹ́ dé bá ga ní mítà mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan, kí orí rẹ̀ yọ kọjá etí òrùlé ní mítà kan, kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀. A kì í gòkè nígbà tí ìrì bá ṣì wà lórí páànù. Orí ìlà ìṣó là ń tẹ̀, níbi tí igi wà lábẹ́. A kì í tẹ orí pánẹ́ẹ̀lì rárá. Gíláàsì lè má fọ́, àmọ́ inú rẹ̀ á là ní ilà wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí, iná rẹ̀ á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún wọn, kó wo bàtà wọn kó tó wo ìwé ẹ̀rí wọn.

Wáyà_Òṣogbo
Ẹ jẹ́ kí àwa oníná náà sọ tiwa, torí ilé tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ò fò lè jóná.

Pánẹ́ẹ̀lì 8 tí wọ́n bá so tẹ̀léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní bí 50V nígbà tí kò tíì sí nǹkan tó ń fa iná rẹ̀; àròpọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 400V. DC ni, iná tó ń sáré sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná NEPA, tí í ṣe AC, máa ń já sí òdo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí náà iná tó bá ta pàrà ní orí wáyà rẹ̀ máa ń kú fúnra rẹ̀. DC kì í já. Tí orí wáyà bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, iná á máa ta láàárín rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, á yọ́ rọ́bà, á ran igi. Kò sì sí ẹni tó lè pa oòrùn. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ pa gbogbo bíréékà ilé, wáyà tó ti orí òrùlé wá ṣì wà láàyè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bíréékà AC dí ibi tí ti DC yẹ kó wà. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ kà á. Ẹ má so orí MC4 (ìdè tí wọ́n fi ń so wáyà pánẹ́ẹ̀lì pọ̀) ti ilé-iṣẹ́ kan mọ́ ti òmíràn, kódà bí wọ́n bá wọnú ara wọn: wọn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà délẹ̀, ibẹ̀ á máa gbóná. Wáyà sólà gidi ni kí wọ́n lò, 4 mm² tàbí 6 mm², èyí tí oòrùn ò lè gbẹ ara rẹ̀. Kí wọ́n so ó mọ́ abẹ́ réèlì, kó má sùn sórí páànù. Ìjì á máa mì í, etí páànù á máa rẹ́ ẹ, nígbà tó bá yá bàbà inú rẹ̀ á fara kan páànù, iná mọ̀nàmọ́ná á gba gbogbo òrùlé. Níbi tó bá ti fẹ́ wọ inú ilé, kó gba inú páìpù, kó sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀ níta.

Àdùnní_Apátá
Àrá ńkọ́? Ìyá ọkọ mi ní a fẹ́ lọ pe Ṣàngó wá sórí ilé.

Wáyà_Òṣogbo
😂 Ẹ bá mi kí màmá. Pánẹ́ẹ̀lì kò fi bẹ́ẹ̀ pe àrá ju páànù lọ. Ṣùgbọ́n àrá tó bá sán sí tòsí lè rán iná gòkè sínú wáyà yẹn, kó sì ba ìnfátà jẹ́. Kí wọ́n so gbogbo férémù àti réèlì pọ̀, kí wọ́n fi wáyà ẹ́ẹ̀tì 6 mm² gbé e lọ sí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì nínú ilẹ̀. Férémù yẹn ní awọ kan tí iná kì í gbà kọjá, torí náà wáṣà eléyín tó ń họ ara rẹ̀ ni kí wọ́n lò. Kí bàbà má fara kan alumíníọ̀mù lójúkojú. Òjò á jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹra. Orí wáyà tí wọ́n fi tánńganran (tin) bò ni wọ́n fi ń là wọ́n. Kí SPD (ohun tó ń dá agbára iná àrá dúró) ti DC wà nínú àpótí kí wáyà tó dé ìnfátà. Kí wọ́n sì fi mítà wọn ẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe kí wọ́n kàn gún irin mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ kí wọ́n máa lọ.

Ṣọ́_Owó_Ẹ
Mo ti béèrè. Sùkúrù ínǹṣì mẹ́ta ni wọ́n fi kan tèmi, ara pọ́líìnì ni gbogbo ẹ̀ wọ̀. Ó ní òun wọn igi láti inú àjà kó tó lu ú.

Káfíńtà_Ṣakí
Ṣé ẹ wá rí i báyìí, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe páànù ló di tiyín mú.

Ṣọ́_Owó_Ẹ
Ó dáa, bàbá, ẹ ti mú mi. Síbẹ̀ kò lo bóòtù olówó gọbọi kankan.

Àdùnní_Apátá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí káfíńtà kan wọ inú àjà. Apá iwájú, igi ibẹ̀ le, líle tó jẹ́ pé ìṣó tuntun tẹ̀ nígbà tó fẹ́ gbá a. Apá ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà: ráfítà méjì tó wà lókè ilé ìdáná, ikán ti jẹ wọ́n débi pé sùkúrù-dáráfà wọlé dé ìdí. Lójú fóònù tó fi ya fídíò, igi yẹn ń dà wálẹ̀ bí gààrí. Apá ẹ̀yìn yẹn gan-an lọkùnrin àkọ́kọ́ nawọ́ sí pé òun máa tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sí.

A ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. A máa pààrọ̀ ráfítà méjì yẹn, a ó sì kan 2 by 4 mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tó tẹ̀lé e. Gbogbo pánẹ́ẹ̀lì á lọ sí iwájú, ìwọ̀-oòrùn nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ tí bàbá sọ, wọ́n ti ń jó o. Ẹni tuntun yìí fọwọ́ sí ìwé pé tí ibi tí òun lù bá jò láàárín ọdún kan, òun lòun máa dí i. Ó mú bẹ́líìtì okùn wá fún ara rẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Àǹtí, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ rere. Ẹ fi kún ìwé yẹn pé kó padà wá lẹ́yìn ìjì ńlá àkọ́kọ́ láti fún nọ́ọ̀tì wò. Igi tuntun máa ń sún kì díẹ̀ tó bá ń gbẹ, bóòtù á sì dẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gba àwòrán gbogbo ẹsẹ̀ réèlì kí wọ́n tó gbé pánẹ́ẹ̀lì lé e, torí lẹ́yìn ìyẹn ẹ ò ní rí i mọ́.

Àyìnlá_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Ayálégbé ni mí. Tí mo bá kan gbogbo eléyìí, tí mo wá fẹ́ kó kúrò lọ́dún méjì sí i, ihò orí páànù ńkọ́? Lándíládì mi kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Òòrùn_Ẹ̀gbá
Kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o tó lu ohunkóhun. Tó o bá ń lọ, tú réèlì àti ẹsẹ̀ L nìkan. Fi bóòtù yẹn sílẹ̀ nínú igi pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, kó o dé e lórí. Tó o bá yọ ọ́ ni ihò á ṣí. Tó bá sì ní dandan ni kí bóòtù kúrò, sùkúrù òrùlé tó nípọn jù ú lọ díẹ̀, tó ní wáṣà rọ́bà, ni kí wọ́n yí padà sínú ihò kan náà, kó gbá igi kan náà mú.

Àyìnlá_Ògbómọ̀ṣọ́
Ó yé mi, ọ̀gá. Mo máa gbé ọ̀rọ̀ ìwé lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé, tó bá ti ti pápá dé.